Láti Lewiston dé Kellogg, Lójú Ọ̀nà Òjé

Ẹni tó bá gba títì US 95 láti àríwá bọ̀ wá sí Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Idaho lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò ti rí ìlú náà tipẹ́ kó tó dé inú rẹ̀. Lókè, oko àlìkámà ni gbogbo ilẹ̀, gegele tó ń dìde tó sì ń wọlẹ̀ títí tí ojú kò fi lè tó òpin rẹ̀ mọ́. Palouse ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Lójijì, ilẹ̀ á já. Títì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, etí á máa dí, ooru á sì máa lé sí i bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Níbi tí odò Clearwater ti wọnú odò Snake ni Lewiston wà. Lójú odò, òkun jìnnà sí i ju máìlì 400 lọ, síbẹ̀ èbúté ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di àlìkámà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Òkun Pàsífíìkì.

Ìlú ọta ìbọn ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti gba gbogbo ọta lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, Vernon Speer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọta níbẹ̀. Ní ọdún 1951, Dick Speer tó jẹ́ arákùnrin rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ kan dá ilé-iṣẹ́ CCI sílẹ̀ nínú ìlú náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ará Lewiston ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ òjé kò sì ṣàjèjì lẹ́nu wọn.

Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbà mí lálejò. Kí n tó kúrò nílé ló ti sọ fún mi pé bàbá òyìnbó tó múlé gbe òun máa ń yọ́ òjé nínú ilé pákó kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pé ọta tó bá dà ló fi ń ta àmì lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní mo fẹ́ rí i. Ọmọ ọdẹ ni mí, láti Òkè-Ògùn. Mo dàgbà bá àpáàdì tí bàbá mi ń yọ́ òjé sí lórí ààrò, mo sì mọ ìró tí òjé gbígbóná máa ń ṣe bó bá kan iyanrìn gbígbẹ. Ohun tí n kò rí rí láyé ìgbà náà ni kí ẹnikẹ́ni nu àpáàdì yẹn, tàbí kó kó eérú ìdí rẹ̀ dànù kí àwa ọmọdé tó wá ṣeré níbẹ̀. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé ìtọ́jú ìkòkò ló jẹ mí lógún ju ọta lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́hùn-ún o," àbúrò mi kìlọ̀ bá a ti ń gba inú ọgbà kọjá. "Tẹ́ ẹ bá sì ń padà bọ̀, ìta lẹ máa bọ́ bàtà sí."

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ará àdúgbò ń pè é lórúkọ bí àṣà wọn ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹnu àbúrò mi kò gbà á. "Sà" ló ń pè é, bàbá sì ti fi í sílẹ̀ fún un. Mo tẹ̀ ba, mo kí i. Ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó rántí, ó sì fa ọwọ́ padà. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá bọ́ ìbọ̀wọ́, tí òun sì fọwọ́ tán. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kí ẹni tó ń da ọta fún ìlò ara rẹ̀ lọ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe é tà ló gbọ́dọ̀ gbà á. Bàbá kì í tà. Ilé pákó rẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra wọn, àwọn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, fáànù kan sì wà tó ń gbá afẹ́fẹ́ inú ilé síta. Kò sí àga níbẹ̀ fún àlejò, kò sí ife tíì, kò sí oúnjẹ. Ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí n má dúró níbi tó ti ń jáde.

Ìkòkò náà kò tóbi. Iná mànàmáná ló ń mú un gbóná. Ìkòkò irin wà láàárín, wáyà ìgbóná yí i ká, páànù sì bo gbogbo rẹ̀ látìta. Ó ń gba òjé pọ́n-ùn 20, ìyẹn nǹkan bíi kílò 9, nítorí pé òjé wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mọ́kànlá. Bàbá kì í fi ìgbakọ bu òjé. Ihò kan wà ní ìdí ìkòkò, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti òkè wá dí i. Tó bá gbé ọ̀pá náà sókè, òjé á ṣàn sínú mọ́ọ̀dù. Tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, á dá. Ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ìdí ìkòkò yìí ni wàhálà ń bá gbogbo ẹni tó ń lò ó. Tí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo tàbí ìpẹtà bíńtín bá há sáàárín ọ̀pá àti ihò, òjé kò ní dá mọ́. Á máa ro tó, tó, tó, sórí tábìlì, títí ìkòkò á fi gbẹ. Ìbéèrè tí mo bi bàbá ni pé, níwọ̀n bí òjé ti wúwo tó yìí, ṣé kì í ṣe pé gbogbo ìdọ̀tí ló yẹ kó léfòó ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń dé ìsàlẹ̀? Ó ní ìwúwo yẹn gan-an ló fà á. Ìdọ̀tí tó bá ti wà lójú òjé á léfòó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri ìkòkò tàbí ìdí rẹ̀, òjé ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kò ní gòkè láéláé àfi bí ẹnìkan bá ha á kúrò. Nígbà tó bá sì tú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹnu ihò ló sún mọ́ jù.

Ó mú igi kan tó ti gbẹ dáadáa, tí orí rẹ̀ ti di èédú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú ìkòkò náà yípo nígbà tí òjé ti yọ́. Lóòótọ́, eruku pupa rúsúrúsú kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sókè láti ibi tí mo rò pé ó mọ́. Lẹ́yìn náà ló bu lẹ́búlẹ́bú pákó dà sójú òjé. Èéfín ṣú, ó gbaná, ó sì di èédú. Ó fi igi náà pò ó mọ́ òjé fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ti sọ díẹ̀ nínú òjé àti tíìnì ojú ìkòkò di ìyẹ̀fun. Èédú á gba afẹ́fẹ́ náà lára wọn, á sì dá wọn padà sí irin. Ẹlòmíì a máa lo ìda oyin tàbí àbẹ́là fún un. Bàbá gbà pé pákó dára jù, nítorí pé èédú rẹ̀ tún ń fa àwọn irin àjèjì bíi kálísíọ́ọ̀mù kúrò nínú àdàlù. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ṣíbí oníhò kó ìdàrọ́ dúdú ojú rẹ̀ kúrò, ojú òjé sì ń dán gbinrin.

Àdàlù rẹ̀ jẹ́ òjé ìdá 90, tíìnì ìdá 5 àti antímónì ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn tó ń da ọta ti mọ̀ tipẹ́. Tíìnì ń jẹ́ kí òjé ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Antímónì ń jẹ́ kí ọta le. Òjé lásán máa ń yọ́ ní dígírì 327 ti Celsius. Bàbá kì í jẹ́ kí ti ìkòkò rẹ̀ kọjá 370 tàbí 380, òṣùwọ̀n ìgbóná sì wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá gbóná jù, tíìnì á tètè jóná di ìdàrọ́. Tó bá sì tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń súnmọ́ 500, èéfín òjé fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wọ imú.

Òfin tó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ fún mi ni pé òjé àkìtàn kò gbọ́dọ̀ wọnú ìkòkò yìí. Òjé tí àwọn fọ́kánáísà fi ń mú táyà dọ́gba, òjé ara páìpù ayé àtijọ́, gbogbo ìwọ̀nyẹn ní ìkòkò tiwọn níta gbangba, lórí iná gáàsì. Ibẹ̀ ló ti ń yọ́ wọn, tó ń ha ìdí ìkòkò wọn, tó ń kó ìdàrọ́ wọn, kó tó dà wọ́n sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké tó mọ́. Búlọ́ọ̀kù yẹn nìkan ló ń wọnú ìkòkò ìdata. Ó tún ń ṣọ́ síǹkì níbẹ̀, nítorí pé síǹkì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n táyà báyìí. Síǹkì kì í yọ́ àfi ní dígírì 419, nítorí náà bí iná kò bá pọ̀ jù, á léfòó bó ṣe wà, wọ́n á sì fi ṣíbí yọ ọ́. Tí wọ́n bá fi iná sáré tó sì yọ́ mọ́ òjé, gbogbo ìkòkò á ki bí ẹ̀kọ tó ti ń tutù, kò sì ní wọ mọ́ọ̀dù mọ́. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ ni kò fẹ́ rí nítòsí rẹ̀ rárá. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, àwọn irin mìíràn tó lè di gáàsì olóró wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le nígbà tó ń sọ èyí.

Nígbà tí ìkòkò bá ń ro, ó ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju kí èèyàn fi ṣukudiráfà yí orí ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì nígbà tí òjé ṣì gbóná, kí ohun tó há lè fọ́. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ó di dandan kó da gbogbo òjé jáde, kó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kó sì jẹ́ kí ìkòkò tutù pátápátá. Ó yọ ọ̀pá, ó fi irun irin tó rẹ sínú òróró nu orí rẹ̀ títí ó fi dán. Ó fi ẹnu díríìlì kékeré kan, tó ń fi ìka yí, nu inú ihò. Tí ojú ihò àti orí ọ̀pá kò bá bá ara wọn mu mọ́, ó fi irú páàsì tí àwọn mẹ́káníìkì fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnì lọ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó ṣe é níṣojú mi, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, n kò sì fẹ́ kó kánjú.

Ìpẹtà ni ọ̀tá ìkòkò tó bá wà láìlò. Bàbá máa ń fi òjé díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá parí iṣẹ́, kí atẹ́gùn ọ̀rinrin má baà rí ìdí ìkòkò jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ ẹ́ tán. Ti bàbá bọ́gbọ́n mu lójú mi.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀. Mo ti rò pé búrọ́ọ̀ṣì onírin ni á kàn mú, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹtà kúrò. Ó mú un lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi kan ìkòkò títí tó fi wọ ìbòmú alásẹ́ méjì tó nípọn, tó sì fi omi ọṣẹ wọ́n inú ìkòkò díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ó kan wáyà ìgbóná. Gbogbo ìdọ̀tí inú ìkòkò ni ìyẹ̀fun òjé ti wọ̀. Ẹni tó bá ha á ní gbígbẹ ti sọ ọ́ di eruku, eruku náà á sì bà lé aṣọ, bà lé irun, bà lé ilẹ̀, á tẹ̀ lé e wọlé lọ sórí ibùsùn ọmọ. Èyí tó rẹ kò lè fò. Àkísà ló fi nù ún, kò sì tún lo àkísà kan lẹ́ẹ̀mejì. Inú àpò ọ̀rá ló ń jù ú sí. Ilé pákó náà kò mọ ìgbálẹ̀ rárá. Omi ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ibẹ̀.

Ìdàrọ́ tó kó lójú òjé wà nínú agolo onídèérí tó kọ orúkọ sí lára. Kò dà á sí ìdí òdòdó, kò dà á sínú àkìtàn ilé. Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba ohun olóró ló ń gbé e lọ. Èmi gbà pé agolo yìí ṣe pàtàkì ju ìkòkò lọ, nítorí pé òjé tó wà ní odindi kì í fò wọnú èèyàn. Ìyẹ̀fun inú agolo ló ń fò.

Omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí òjé tó tún wọ̀ ọ́, ó sì ní ìdí. Omi tó bá bọ́ sábẹ́ òjé gbígbóná á di ooru omi lójú ẹsẹ̀, ooru náà á fẹ̀ ju omi lọ ní ìlọ́po bíi 1,700, á sì ta òjé síta kíá, sójú, sára, sí àjà ilé. Bàbá tan iná mànàmáná ìkòkò òfìfo náà níwọ̀nba fún ìgbà pípẹ́. Àwọn búlọ́ọ̀kù òjé tó fẹ́ fi sí i ni ó tò sí etí ìkòkò kí wọ́n kọ́kọ́ gbóná, kí ìrì ara wọn lọ. Awò wà lójú rẹ̀, épúrọ́ọ̀nù aláwọ wà láyà rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ sì bo ẹnu bàtà kí òjé má baà ro wọnú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sínú garawa kan tó jẹ́ ti aṣọ yẹn nìkan, ó fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́, ojú àti ọrùn, ó sì wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọdọọdún ló ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tíì wọ ilé pákó náà rí.

Àbúrò mi ló sọ ìdí tí ìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ara kò dá òjé mọ̀ yàtọ̀ sí kálísíọ́ọ̀mù. Ó ń gbé e lọ síbi tó ń gbé kálísíọ́ọ̀mù lọ, ó ń kó o sínú eegun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kó tún máa tú padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà oyún tàbí nígbà ogbó. Ara ọmọdé ń gba òjé tó bá gbé mì ju ti àgbàlagbà lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ọpọlọ rẹ̀ tó ṣì ń dàgbà ló sì ń bà jẹ́. Láti ọdún 2021, iye tí CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, fi ń mọ ọmọ tí òjé ara rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni máíkírógíráàmù 3.5 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Àjọ ìlera àgbáyé kò tilẹ̀ mọ iye kankan tó jẹ́ ààbò. Nílé wa, wọ́n máa ń sọ pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ti ọrùn ọwọ́ ṣì rọrùn. Èyí tó wọ eegun ọmọdé ni n kò mọ baba ẹni tí yóò bọ́.

A gba títì US 95 padà sí àríwá. A kọjá Moscow, ìlú yunifásítì Idaho, tí n óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A dé Coeur d'Alene, níbi tí adágún omi rẹ̀ ti mọ́ gaara, a sì yà sí títì I-90 síhà ìlà-oòrùn, àárín òkè àti igi páìnì. Lẹ́bàá ọ̀nà, ṣọ́ọ̀ṣì Cataldo wà lórí gegele, ilé tó dàgbà jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Láàárín 1850 sí 1853 ni wọ́n kọ́ ọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, odò Coeur d'Alene ń ṣàn, pátákó ìkìlọ̀ sì wà létí omi: kí ọmọdé má ṣe jẹ iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹyẹ ńlá funfun tó ń kọjá lọ sí àríwá ń kú nínú àbàtà ìsàlẹ̀ odò náà lọ́dọọdún, nítorí pé òjé wà nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ jẹ.

Nítorí òjé yìí náà ni mo ṣe fẹ́ dé Kellogg. Láàárín àfonífojì tóóró ló wà. Ní ọdún 1885 ni Noah Kellogg rí irin níbẹ̀, ìtàn ìlú sì sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ibẹ̀ ni ibi ìwakùsà Bunker Hill ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa òjé, síǹkì àti fàdákà. Ní 1917 ni ilé ìyọ́jé ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ìkòkò bàbá Lewiston nínú ohun tó ń ṣe: ó ń yọ́ òjé, ó ń ya ìdàrọ́ sọ́tọ̀, ó sì ń tú eruku sílẹ̀. Nítorí eruku yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé àsẹ́ kan tí àpò ńláńlá wà nínú rẹ̀. Gbogbo èéfín ń gba inú àpò kọjá kó tó wọ òpó èéfín.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, iná jó ilé àsẹ́ náà. Wọn kò pa ilé ìyọ́jé. Owó òjé ń lọ sókè lọ́jà nígbà náà, wọ́n sì ń yọ́ òjé lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù pẹ̀lú àsẹ́ tó ti bàjẹ́. Òjé ń rọ̀ lé òrùlé, lé ọgbà, lé pápá ìṣeré ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò ní 1974, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ tó ń gbé láàárín máìlì kan sí ilé ìyọ́jé ni òjé ẹ̀jẹ̀ wọn lé ní 40. Ẹ rántí 3.5. Mo dúró níbi tí òpó èéfín gíga méjèèjì ti wà rí, èyí tí wọ́n fi ohun abúgbàù wó lulẹ̀ ní 1996, inú sì bí mi. Bàbá arúgbó kan nínú ilé pákó ń dá iṣẹ́ dúró nítorí ẹyọ iyanrìn kan nídìí ìkòkò rẹ̀. Àwọn tó ní owó àti ẹ́ńjíníà rí odindi ilé àsẹ́ tó jóná, wọn kò dúró.

Ilé ìyọ́jé náà kógbá sílé ní 1981. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ fi máìlì 21 níbùú lóròó sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ di fífọ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe fọ ìlú nìyí: wọ́n wọ ọgbà ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀ kúrò, tó nípọn tó íńṣì 12, níbi ọgbà ẹ̀fọ́ ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ bò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọgbà ni. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Igi tí ásíìdì ti pa tán lórí òkè ti hù padà, àlejò sì ń wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ yọ̀ lórí yìnyín lókè ìlú. Síbẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú kò tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìlera agbègbè náà. Àjọ náà ń yá ará ìlú ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku òjé nílẹ̀, ó sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wò lọ́dọọdún.

Ìdí tí mo fi ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ Moscow nìyí. Ilé-iṣẹ́ TerraGraphics, tó kópa nínú fífọ Kellogg mọ́, ìlú yẹn ló fìdí kalẹ̀ sí nígbà náà. Ní ọdún 2010, nígbà tí àwọn oníṣègùn àjọ aláàánú MSF rí i pé ọmọdé ń kú ní abúlé Dareta àti Yargalma ní ìpínlẹ̀ Zamfara, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń wa wúrà, wọ́n ń lọ òkúta rẹ̀ nínú agbolé, òjé sì kún inú òkúta náà. Ọmọ tó kú lé ní 400. Àwọn ará Moscow yìí wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ olóró kúrò kí wọ́n fi mímọ́ rọ́pò, bí wọ́n ti ṣe é ní Kellogg. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò mọ èyí títí tí mo fi dé Idaho.

Kò jìnnà sí wa nílé Yorùbá náà. Ní Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù wà láàárín ilé àwọn èèyàn, òjé sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé àti òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n fi lé e lójú ni wọ́n bá a nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin apẹja tí ẹ ń da òjé sí àwọ̀n, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń tú bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bẹ̀ yín. Ìkòkò tó bá ti yọ́ òjé rí kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná. Ẹ wọ́n omi kí ẹ tó nu ilẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ kó ìdàrọ́ sínú agolo tó ní ìdérí, ẹ má dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sì níláti jẹ́ kí àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ Ògìjo ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, kí ó sì máa wáyé lọ́dọọdún bíi ti Kellogg.